Ṣé ohun tójú èèyàn rí nílé ìwé lè di iṣẹ́? Èsì mi fún àbúrò kan tó fẹ́ bá àwọn tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀ ṣiṣẹ́

Àbúrò kan ló kọ̀wé sí mi, ó ní kí n dá òun lóhùn ní gbangba kí ẹlòmíì tó bá wà nírú ipò òun náà lè rí i kà. Mo gé ìwé náà kúrú díẹ̀, ohun tó sọ nìyí:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akólòlò ni mí. Ní praimárì, tí wọ́n bá ní ká dìde kàwé sókè, ńṣe ni gbogbo kíláàsì máa ń fi mí rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá tíṣà wa wá bẹ̀rẹ̀ sí í fò mí, tó bá ti kàn mí á pe ẹni tó jókòó tẹ̀ lé mi. Ìgbà tí mo dé sẹ́kọ́ńdìrì ni tíṣà kan ní kí gbogbo ẹni tó wà lórí bẹ́ńṣì kan máa jọ kà á pọ̀, àfi bí idán, mi ò kólòlò níbẹ̀. Mo ti wà ní yunifásítì báyìí, sociology ni mò ń kà, iṣẹ́ tó sì wù mí ni kí n máa bá àwọn tí wọ́n ń tì sẹ́yìn láwùjọ ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ọgbẹ́ ara mi ni mò ń wá oògùn fún, pé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé mo sì lè mẹ́nu ba ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nílé ìwé tí wọ́n bá pè mí fún ìntáfíù?"

Àbúrò mi, o ṣeun tó o kọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ kó o kọ́kọ́ rí ni pé nǹkan mẹ́ta ló wà nínú ìwé ẹ, kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ̀rín tí wọ́n fi ẹ́ rín, fífò tí tíṣà ń fò ẹ́, àti bẹ́ńṣì tó jọ ń kàwé pọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó fẹ́ bọ́ sídìí iṣẹ́ wa yìí, èyí àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń dì mú torí òun ló dùn wọ́n jù. Lójú tèmi, inú méjì tó kù ni iṣẹ́ wà.

Wo ọ̀rọ̀ fífò yẹn dáadáa. Tíṣà ẹ ò bú ẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àánú ẹ ló ṣe é, ó rí i pé ojú ń tì ẹ́, ó ní kóun má fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ. Orúkọ ẹ wà nínú rẹ́jísítà, wọ́n ń pè é láràárọ̀, o ń dáhùn, wọ́n ń màákì ìwé ẹ, àlejò tó bá sì wọlé wá wo kíláàsì yẹn á ní gbogbo ọmọ ló pé síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìwé kíkà sókè ti di ti àwọn yòókù, kò sì sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ọjọ́ tí wọ́n lé ẹ jáde níbẹ̀. Bó ṣe máa ń rí láàárín àwọn àgbàlagbà náà nìyẹn o. Wọ́n á pe ìpàdé sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò ní ju àtẹ̀gùn lọ, adití á jókòó láìsí ẹni tó máa fọwọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un, fọ́ọ̀mù á wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan nígbà tí àwọn tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é ò ní fóònù tó lè ṣí i, wọ́n á wá kọ ọ́ sínú ìròyìn pé gbogbo èèyàn làwọn pè. Wọ́n pè wọ́n lóòótọ́. Kò sí ìkà kankan níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ṣòro rí.

Bẹ́ńṣì yẹn wá ńkọ́? Àwọn onímọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sísọ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ pé tí akólòlò bá ń bá ẹlòmíì kàwé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kíkólòlò yẹn máa ń lọ sílẹ̀ gan-an, nígbà míì kì í sí rárá títí wọ́n á fi kà á tán. Bóyá tíṣà ẹ mọ èyí o, bóyá kò mọ̀ ọ́n, ohun tó ṣe ni pé kò fọwọ́ kan ahọ́n ẹ, kò ní kó o lọ gba ìtọ́jú ná kó o tó lè bá wọn kàwé, ètò ìwé kíkà ló yí padà, o sì rọ́nà wọlé. Tí wọ́n bá ní kí n sọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní gbólóhùn kan, màá ní a máa ń wá ohun tá a lè yí padà nínú ètò kí ẹni tó wà níta lè wọlé bó ṣe wà. O ti rí i lójúkojú lórí ìjókòó ẹ kí ẹnikẹ́ni tó fi ìwé kọ́ ẹ.

Àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí dójú àmì, ilé ìwé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọ́kọ́ rí i. Wo Judith Heumann ní Amẹ́ríkà. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú un nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì, àga onítáyà ló ń lò. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 5 ìyá ẹ̀ mú un lọ sílé ìwé tó wà ládùúgbò wọn ní Brooklyn, ọ̀gá ilé ìwé ní àwọn ò lè gbà á, pé ewu ni tí iná bá ṣẹ́ yọ. Ó ti pé ọmọ ọdún 9 kó tó rí kíláàsì wọ̀, àwọn ọmọ àkàndá nìkan ni wọ́n sì kó jọ síbẹ̀. Ó dàgbà, ó gboyè, ó ní iṣẹ́ tíṣà lòun fẹ́ ṣe, ní 1970 bọ́ọ̀dù ẹ̀kọ́ New York ní àwọn ò ní fún un níwèé àṣẹ. Kí nìdí? Iná yìí náà ni! Wọ́n ní tí iná bá ṣẹ́ yọ kò ní lè kó àwọn ọmọ jáde. Ó gbé wọn lọ sí kọ́ọ̀tù. Adájọ́ tí ẹjọ́ ẹ̀ bọ́ sí lọ́wọ́ ni Constance Baker Motley, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di adájọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Amẹ́ríkà, òun náà sì wà lára àwọn lọ́yà tó ṣiṣẹ́ lórí ẹjọ́ Brown, èyí tí kọ́ọ̀tù tó ga jù níbẹ̀ fi sọ ní 1954 pé kò bófin mu láti ya ilé ìwé ọmọ dúdú àti ti ọmọ funfun sọ́tọ̀ (inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí pé obìnrin méjèèjì yìí jọ pàdé). Bọ́ọ̀dù padà fún un níwèé àṣẹ, ó sì di tíṣà. Ní 1977 ó wà lára àwọn tó ṣáájú àwọn àkàndá tí wọ́n wọ ọ́fíìsì ìjọba ní San Francisco tí wọ́n ní àwọn ò kúrò níbẹ̀, ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ kí ìjọba tó fọwọ́ sí ìlànà tó máa jẹ́ kí òfin tí wọ́n ti ṣe láti 1973 nítorí àwọn àkàndá ṣiṣẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi iná dí i lọ́nà, ìgbà àkọ́kọ́ ọmọdé ni, kò mọ ohun tó lè sọ. Ìgbà kejì ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ iná, pé ẹnì kan ló jókòó síbì kan tó kọ òfin tí kò rò ó mọ́, ohun tí èèyàn bá sì kọ, èèyàn lè tún un kọ. Ohun tí ilé ìwé fún un gan-an nìyẹn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ilé ìwé ò mọ̀ pé òun ń fún un.

Ti Ed Roberts tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí àrùn kan náà dá a dùbúlẹ̀, díẹ̀ ló kù lára ẹ̀ tó ṣì ń mì, orí tẹlifóònù ló ti ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn ní kíláàsì. Nígbà tó yẹ kó gba sàtífíkéètì sẹ́kọ́ńdìrì, wọ́n ní kò lè gbà á torí pé kò ṣe eré ìdárayá, kò sì kọ́ mọ́tò wíwà. Ẹ gbọ́ ná, ẹni tí kò lè gbé apá! Ìyá ẹ̀, Zona, ló bá wọn fà á títí wọ́n fi fún un. Nígbà tó fẹ́ lọ yunifásítì, ẹ̀ka ìjọba ní California tó máa ń ran àwọn àkàndá lọ́wọ́ kí wọ́n lè ríṣẹ́ kọ́kọ́ kọ̀ láti sanwó ẹ̀, wọ́n ní irú ẹni báyìí ò lè ṣiṣẹ́ láéláé. Ó wọ yunifásítì tó wà nílùú Berkeley ní 1962, ó wà lára àwọn tó dá ibùdó kan sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1972 tí àwọn àkàndá fúnra wọn ń darí, tí wọ́n ti ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti máa dá gbé láàárín ìlú, nígbà tó sì di 1975 gómìnà fi í ṣe olórí ẹ̀ka ìjọba tó ní kò lè ṣiṣẹ́ yẹn gan-an.

Kì í sì í ṣe dandan kó jẹ́ ohun ńlá báyìí. Haben Girma, ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ́ afọ́jú tó tún jẹ́ adití tó kẹ́kọ̀ọ́ òfin jáde ní Harvard, ní 2013, ó máa ń sọ ọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó lọ ṣáájú ìgbà yẹn. Orí bébà ni wọ́n máa ń kọ oúnjẹ tó wà sí, kò lè kà á, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sóun lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á ṣe é lónìí, wọ́n á gbàgbé lọ́la. Ó kọ́kọ́ ń fara mọ́ ọn, ó ṣáà ń jẹun. Nígbà tó yá ló wá sọ fún ọ̀gá ibẹ̀ pé òfin ló ní kí wọ́n ṣe é, pé kì í ṣe oore. Wọ́n yí padà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, akẹ́kọ̀ọ́ míì tó jẹ́ afọ́jú wọlé síbẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀ pé wàhálà kankan wáyé rí, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà láti jẹ ni. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju èyí tó kù lọ torí irú iṣẹ́ tó o máa ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn, àtòjọ oúnjẹ, ilẹ̀kùn, àkókò ìpàdé, ẹni tí wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àti ẹni tí wọn ò fi ránṣẹ́ sí.

Ó wá ku ibì kan tí mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ yẹ ara ẹ wò. Ní 1994 àwọn onímọ̀ mẹ́ta kan, Lent, Brown àti Hackett, ṣàlàyé bí èèyàn ṣe ń dé ìdí iṣẹ́ tó ń ṣe, kókó ọ̀rọ̀ wọn ni pé ohun tí èèyàn ti ṣe rí, tó ti rí lára ẹlòmíì, tí wọ́n sì ti sọ fún un, òun ló ń jẹ́ kó gbà pé òun lè ṣe nǹkan tàbí òun ò lè ṣe é, ohun tó bá sì ti gbà pé òun ò lè ṣe, kì í pẹ́ tí kò fi ní wù ú mọ́. Ìyẹn ni pé ilé ìwé lè ti gba iṣẹ́ kan lọ́wọ́ èèyàn kó tó mọ orúkọ iṣẹ́ yẹn. Torí náà bi ara ẹ: ṣé iṣẹ́ yìí wù mí tọkàntọkàn, àbí mo rò pé iṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni tí wọn ò ti ní ní kí n sọ̀rọ̀ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn? Tó bá jẹ́ èyí kejì, jọ̀ọ́ tètè mọ̀ báyìí pé ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ yìí látàárọ̀ ṣúlẹ̀. O máa bá ọ̀gá ilé ìwé sọ̀rọ̀, o máa bá àwọn ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀, o máa dìde níbi tí inú ń bí àwọn èèyàn. Akólòlò lè ṣe é o, mo mọ èyí dájú, àwọn tó ń ṣe é wà. Ìwọ ni kó o má jẹ́ kí tíṣà praimárì yẹn ṣì máa fò ẹ́ títí dòní.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì tó ń ka èyí máa ní, èmi ò kólòlò, wọn ò yà mí sọ́tọ̀ rí, èmi gan-an wà lára àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, ṣé kí n gbé iṣẹ́ yìí jù sílẹ̀ ni? Rárá o. Ní 1971, ní Austin ní ìpínlẹ̀ Texas, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ọmọ dúdú, ọmọ funfun àti ọmọ àwọn tó ti Mẹ́síkò wá sínú kíláàsì kan náà, ìjà ò dáwọ́ dúró. Wọ́n pe onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan, Elliot Aronson, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ lọ jókòó wò wọ́n ní kíláàsì, wọ́n rí i pé ètò kíláàsì gan-an ló sọ wọ́n dọ̀tá: tíṣà á béèrè ìbéèrè, ọwọ́ á lọ sókè, ẹnì kan á gbà á, inú àwọn tó kù á bà jẹ́. Wọ́n wá pín ẹ̀kọ́ sí wẹ́wẹ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ kékeré gba apá tiẹ̀, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n, òun ló máa fi kọ́ àwọn tó kù, gbogbo ẹ̀ ló sì máa jáde nínú ìdánwò. Aronson sọ ti ọmọ kan tí Gẹ̀ẹ́sì ò já gaara lẹ́nu ẹ̀, nígbà tó kàn án àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń fi í ṣẹ̀sín. Ẹni tó ń bójú tó wọn ò bá wọn wí, ó kàn ní ẹ lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ o, àmọ́ kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ mọ apá tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ìdánwò sì ń bọ̀ láìpẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe máa bi í ní ìbéèrè tó máa jẹ́ kó lè ṣàlàyé. Díẹ̀díẹ̀ ara tu ọmọ náà, wọ́n wá rí i pé ọlọ́gbọ́n ni.

Ọmọ tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè ìbéèrè yẹn, òun náà ti kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Gordon Allport, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ti sọ ọ́ ní 1954 pé kíkó èèyàn tí kò fẹ́ràn ara wọn jọ nìkan kọ́, ó ní ó yẹ kí ipò wọn dọ́gba níbẹ̀, kí wọ́n jọ ní ohun kan tí wọ́n ń lé, kí wọ́n fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lé e, kí àwọn aláṣẹ sì ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì, Pettigrew àti Tropp, kó ìwádìí 515 jọ ní 2006, wọ́n rí i pé bí àwọn èèyàn bá ń ríra ẹ̀tanú máa ń dín kù, ó sì máa ń dín kù jù níbi tí ètò bá ti wà bí Allport ṣe sọ. Torí ẹ̀ ni ara mi ò fi gba kí wọ́n kàn ṣe àpèjẹ kan lọ́dún, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n ní àwọn ti kó gbogbo èèyàn mọ́ra.

Ó wá kan ẹ̀gbọ́n ẹ. Níbi tó ti gba òótọ́ sọ ni pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé ara wọn ni wọ́n ń rí lójú gbogbo ẹni tó bá jókòó síwájú wọn. Ìyá kan á ní wọn ò gba ọmọ òun sílé ìwé torí pé kò ní ìwé ìbí, kó tó sọ ọ́ dé ìdajì òṣìṣẹ́ ti ń sunkún nítorí ohun tó ṣe òun fúnra ẹ̀ ní kíláàsì kẹta. Ọ̀rọ̀ ti di tiẹ̀ nìyẹn, ìyá ọlọ́mọ ló wá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Pé o kólòlò ò ní kó o mọ bó ṣe rí láti jẹ́ adití, àbí láti jẹ́ ọmọ tí ogun lé kúrò nílé. Ó máa jẹ́ kó o mọ̀ pé ó yẹ kó o béèrè, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àkàndá ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ń jà kárí ayé, pé kẹ́nikẹ́ni má ṣe ohunkóhun nípa àwọn láìsí àwọn níbẹ̀, fi í sọ́kàn kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ tí ẹ̀gbọ́n ẹ bá ní torí pé ọgbẹ́ wà, iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́, ibẹ̀ ni mi ò ti gbà fún un. Wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nídìí ẹ̀, òfin wà tó gbé e dúró. Ní 1994, ìjọba orílẹ̀-èdè 92 pàdé ní Salamanca ní Sípéènì, wọ́n fẹnu kò pé kí àwọn ilé ìwé tó wà fún gbogbo èèyàn máa gba gbogbo ọmọ, títí kan àwọn àkàndá. Ní December 2006 Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní May 2008, Abala 24 ẹ̀ dá lórí ẹ̀kọ́. Kà á fúnra ẹ, kò gùn.

Ní ti ìntáfíù, bẹ́ẹ̀ ni, sọ ọ́, àmọ́ kó kúrú. Mo ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tó ń bi èèyàn ní ìbéèrè, ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni náà á fi gbogbo àkókò sọ ìyà tó jẹ ẹ́, àánú ẹ̀ á ṣe wa, tó bá jáde tán a ò ní mọ ohun tó lè ṣe. Fi ẹ̀rín kíláàsì yẹn sílẹ̀. Sọ báyìí: "Akólòlò ni mí. Tíṣà kan máa ń fò mí tó bá kan ìwé kíkà torí ó ń ṣàánú mi, òmíì ní kí bẹ́ńṣì jọ máa kà á, mo sì kà á. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá débì kan mo máa ń wo ẹni tí wọ́n ń fò." Lẹ́yìn náà kó o wá fi ohun tó o ti fọwọ́ ara ẹ ṣe tì í, ibẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. O ṣì wà ní yunifásítì, wá ohun kan tí wọ́n fi ń fo àwọn kan níbẹ̀, bóyá àkókò tí láíbrìrì máa ń tì, bóyá bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ ẹgbẹ́, bóyá akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè rí bọ́ọ̀dù láti ibi tó jókòó sí. Bi àwọn tó kàn, ẹ jọ wá ohun tó lè yí padà, ẹ lọ bá ẹni tó láṣẹ lórí ẹ̀, kó o kọ ohun tó tìdí ẹ̀ yọ sílẹ̀ bí kò bá tiẹ̀ bọ́ sí i. Èyí tí kò bọ́ sí i náà wúlò níwájú wa, torí a máa bi ẹ́ ohun tó o rí kọ́.

Tó o bá fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ níbì kan kó o tó jáde, ìbéèrè méjì ni kó o bi wọ́n kó o tó gbà. Àkọ́kọ́, tí ọ̀rọ̀ ẹnì kan bá jọ tèmi tó sì wọ̀ mí lára jù, ta ni mo lè lọ bá sọ ọ́ nínú ọ́fíìsì yín? Èkejì, àwọn tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ fún, mélòó nínú wọn ló ń jókòó níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣèpinnu? Tí wọn ò bá rí èsì gidi fọ̀ sí méjèèjì, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kó o wá ibòmíì lọ.